Bọ́ìsì-kọ́tà Ẹ̀yìnkùlé Mi

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa bá wa sọ ní ọjọ́ ìpadàpọ̀. A tẹ̀ ẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́.

  Mo kí ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá, tó jẹ́ pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ni ẹ ó ti ka ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ṣe é bí ẹni pé ìlà iwájú ni ẹ jókòó sí, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í fẹ́ jókòó sí nígbà tí a wà ní kíláàsì.

Akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè gbé ayé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Mo ní mi ò ní lẹ́kíṣọ̀ kankan láti fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi dúró níwájú pátákó, ó tó gẹ́ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè sọ láìwo ìwé ni ọ̀rọ̀ ilé kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé mi, bí mo ṣe sọ ọ́ di ibi iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń háyà, àti ohun tí ojú mi rí kí ó tó gún. Ó ní, "Sẹ́ńíọ̀, ẹ sọ ìyẹn." Òun náà ni mo wá sọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó kọ́lé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ tàbí Èkó láàárín 1970 sí 1990 ló ní irú ilé yìí. Yàrá méjì ni, nígbà mìíràn mẹ́ta, pẹ̀lú ilé ìdáná kékeré àti ilé ìwẹ̀, a tò ó mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló mú un wá. Ní àdúgbò GRA wọn, ọ̀gá ń gbé iwájú, ẹni tó ń se oúnjẹ fún un àti ẹni tó ń tún ọgbà ṣe ń gbé ẹ̀yìn, wọ́n á sì máa pe àgbàlagbà tó ti bímọ mẹ́fà ní bọ́ì. Nígbà tí àwa náà wá di ọ̀gá, a ò tilẹ̀ béèrè. Ẹni tó ya pláànù fún wa ya bọ́ìsì-kọ́tà sí i, a sì kọ́ ọ. Ní 1986, ọdún tí SAP dé, ni èmi àti ọkọ mi wọ ilé wa. A ò ní ọmọ ọ̀dọ̀ kankan, ta ló fẹ́ rówó san fún un? Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ nígbà tó wà ní Yunifásítì. Lẹ́yìn rẹ̀, adìẹ gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn adìẹ, ìwé ìròyìn àtijọ́, bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣẹ́ àti kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ. Ọgbọ̀n ọdún la fi ń gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò mú kọ́bọ̀ wọlé.

Mo fẹ̀yìn tì ní 2012. Ọkọ mi papòdà ní 2017. Ní 2018, ẹni kan tó ń ṣe ejẹ́ǹtì ilé ní àdúgbò wa mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá. Ó ní ọmọlúàbí ni, kò níyàwó, kì í pẹ́ níta. Ó san owó ọdún kan, ejẹ́ǹtì yọ tirẹ̀ níbẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ọdún kejì fi máa wọlé, ẹni kan ti di mẹ́rin. Wọ́n ń dáná lójú fèrèsé mi, wọ́n ń sá aṣọ sórí òdòdó mi, owó kò sì wọlé mọ́. Àbúrò ọkọ mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ páànù orí ilé náà ní òru. (Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Mo rò ó dáadáa o!) Lọ́yà mi ló dá mi dúró. Ó ní bí mo bá fọwọ́ ara mi lé ayálégbé jáde, èmi tí mo nilé ni òfin máa mú. Ẹni tó bá ń san owó ọdọọdún, bí ẹ kò bá ti ní àdéhùn mìíràn, nótíìsì oṣù mẹ́fà ni yóò gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ọjọ́ méje. Lẹ́yìn ìyẹn, kóòtù. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 2011 wí. Àárín rẹ̀ ni àrùn kòrónà dé ní 2020, wọ́n ti kóòtù pa. Láti ọjọ́ tí mo ti ní kó máa lọ títí di ọjọ́ tó kó ẹrù rẹ̀, ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ni. Gbogbo ìgbà náà, ó ń kí mi láràárọ̀: "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì." Mo ń dá a lóhùn. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Mo ti ilẹ̀kùn náà pa. Mo ní kò sí ẹni tó máa wọ ibẹ̀ mọ́ títí n ó fi kú.

Ṣùgbọ́n ọjà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 29 May 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún ààrẹ tuntun, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, epo tí a ń rà ní nǹkan bíi ₦200 ti tó nǹkan bíi ₦500. Ohun gbogbo sì tẹ̀lé epo. Pẹ́ńṣọ̀n mi kò tẹ̀lé e. Inú ọdún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi sí méjì, ìdajì lónìí, ìdajì lọ́la. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ mi ń gbìyànjú, èmi ò ní purọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá àti bàbá tó wà níbí, ẹ̀ẹ̀melòó ni ènìyàn fẹ́ pe ọmọ lóṣù kan? Ìpè kìíní, wọ́n á yọ̀. Ìpè kejì, ohùn ọmọ á ti yí padà kí o tó sọ ohun tí o fẹ́.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló sọ ọ̀rọ̀ kan tó jí mi. Ó ní láti ìgbà kòrónà tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn máa ṣiṣẹ́ nílé, àwọn ará ibẹ̀ ń kọ́ ilé igi kékeré sínú ọgbà wọn, wọ́n gbé tábìlì sí i, wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò lo tirẹ̀ mọ́ á fi háyà fún ẹlòmíràn láti ṣe ọ́fíìsì. Òun fúnra rẹ̀ ń háyà ọ̀kan ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, igi ni tiwọn o. Ẹ̀yin ní ilé búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn, ó ní ilé ìwẹ̀, ẹ tì í pa." Mo ní mi ò fẹ́ ayálégbé. Ó ní, "Kì í ṣe ẹni tó máa sùn síbẹ̀. Ẹni tó máa ṣiṣẹ́, tó máa lọ sílé ẹ̀."

Ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn dáadáa, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tó sùn sí ilé rẹ ti di ará ilé. Ó ní ìyàwó, ó ní àlejò, ó ní àìsàn lóru, ó ní ọdún tó fẹ́ ṣe. Ẹni tó wá ṣiṣẹ́ ní ilé tirẹ̀ níbòmíràn. Bí agogo mẹ́fà bá lù, òun gan-an ló ń kánjú láti lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju owó lọ.

Ẹ má rò pé mo ti gbọ́n tán o. Ní oṣù kẹwàá 2023, ọkùnrin kan wá, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó ní yàrá kan ni òun fẹ́ láti máa kó ọjà sí. Mo ní ọjà wo? Ó ní ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́. Kò ná owó, kò bẹ̀bẹ̀, ó ka owó oṣù mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo yọ̀. Mo ra oògùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo odindi. Ọkọ̀ rẹ̀ máa ń dé lálẹ́, wọ́n á já páálí àti kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á ti kọ́kọ́rọ́ tiwọn mọ́ ọn. Mi ò béèrè nǹkan kan. Owó ti dí mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn rántí alẹ́ 16 January 2024. Ilé mi kò sí ní Bódìjà, ó jìnnà síbẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìbúgbàù yẹn dún, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, gíláàsì fèrèsé mi kígbe. Ẹ̀mí lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn fara pa, ilé tí àwọn àgbà fi gbogbo ayé wọn kọ́ wó lulẹ̀. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ni wọ́n ń gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé ibẹ̀, tí wọ́n sì kó ohun abúgbàù pamọ́ síbẹ̀. Bódìjà, tí ìjọba ìwọ̀-oòrùn àtijọ́ ṣe kí òṣìṣẹ́ lè rí ibi tó tòrò gbé! Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi mọ́. Èrò kan ṣoṣo ló wà lórí mi: kí ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn mi?

Nígbà tó dé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀wọ́ ṣí ibẹ̀ kí n rí i." Ó ní, "Mọ́mì, kì í ṣe bọ́ǹbù." Mo ní mo mọ̀, ṣí i. Ó ṣí i. Tínà ni, tí wọ́n fi ń po pẹ́ńtì, kẹ́ẹ̀gì lórí kẹ́ẹ̀gì, àti gọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń ṣe bàtà ń lò, ó kún dé àjà. Ọjà tó tọ́ ni, kò jalè. Ṣùgbọ́n ìṣáná kan péré. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ló wà láàárín ilẹ̀kùn yẹn àti gáàsì ìdáná mi, mo kà á. Mo ní kó kó o lọ, n ó dá owó oṣù tó kù padà fún un. Mo ti ná an. Ọwọ́ àbúrò mi obìnrin ni mo ti yá a, oṣù márùn-ún ni mo fi san án.

Láti ọjọ́ náà, mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń wá ibi ìkójọ. Iṣẹ́ tí mo lè jókòó sí fàráńdà mi kí n máa wò, ìyẹn ni mo ń gbà.

Ẹni tó tẹ̀lé e ni télọ̀. Obìnrin ni, ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì àti ọmọ iṣẹ́ kan. Ṣọ́ọ̀bù tó ń lò létí títì, wọ́n ti fi kún owó rẹ̀. A fẹnu kò sí ₦20,000 lóṣù. Inú mi dùn sí i nítorí ariwo ẹ̀rọ yẹn dùn mọ́ mi, ìyá mi náà ń ránṣọ. Kò pé oṣù kejì tí mo rí i pé kádì iná tí mo ń rà kò dúró mọ́. Ní April 2024, wọ́n gbé owó iná àwa tó wà ní Band A láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan. Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀, wáàtì 1,200 ni wọ́n kọ sí i lábẹ́. Bó bá lò ó wákàtí márùn-ún lójúmọ́, yúníìtì 6 nìyẹn. Ìlọ́po ₦225, ó di ₦1,350 lójúmọ́. Ọjọ́ 24 lóṣù, ₦32,400. Owó ilé, ₦20,000. Ìyẹn ni pé mo ń fún obìnrin yìí ní ₦12,400 lóṣooṣù kí ó lè bá mi jókòó! Ọ̀rẹ́ mi kan tó kọ́ wọn ní físíìsì ní rárá, ó ní áyọ́ọ̀nù a máa tàn a máa kú fúnra rẹ̀, kí n yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò. Mo yọ ọ́. Ó ku ₦21,600. Mo ṣì ń jẹ gbèsè, a ò sì tíì ka ẹ̀rọ àti fáànù.

Mo pè é. Mo ní, "Ìyàwó, iná yìí fẹ́ pa mí." Ó kúnlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Mo rò pé iná wà nínú owó ilé ni." Ta ló jẹ̀bi? Èmi ni. Mi ò sọ ọ́, mi ò kọ ọ́. A jọ jókòó, mo fi ìṣirò náà hàn án, ojú rẹ̀ là. A lọ ra mítà kékeré tó máa ń ka iná yàrá kan, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ iná, tiwa ni. Iléeṣẹ́ ṣì ń ka gbogbo rẹ̀ lórí mítà ńlá. Ní gbogbo Sátidé, ó kà á, mo kà á, ó san ohun tó lò. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ jọ, ó ń lọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, iná tó ń jẹ sì dín kù ní ìlàjì. Ẹni tí kò sanwó nǹkan kò lè mọ bí yóò ṣe ṣọ́ ọ lò.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ó gbé ọ̀kan wá, kékeré tí a ń pè ní "I pass my neighbour". Aládùúgbò mi kò jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Ìyá Olùkọ́, ṣé ilé iṣẹ́ lẹ fẹ́ sọ àdúgbò wa dà ni?" Mo bẹ̀ ẹ́. Ó tọ́ kó bínú. Èyí tó tún burú ju ariwo ni èéfín, nítorí májèlé kan wà nínú rẹ̀ tí kò lóòórùn, tí ojú kò rí. Ẹ ti gbọ́ ìdílé tó sùn tí kò jí. Bọ́ìsì-kọ́tà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ fẹ́ńsì kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń tan jẹnẹrétọ̀ sí. Ó gbé e padà. Nígbà tí iná bá lọ, ó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan nínú ẹ̀rọ rẹ̀ bíi ti ayé àtijọ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni mo tó lọ sọ́dọ̀ lọ́yà fún ìwé tó múná dóko. Ojú ewé méjì péré ni. Oṣù oṣù ni a ń san án, kì í ṣe ọdún, nótíìsì oṣù kan sì ni ẹnikẹ́ni nínú wa máa fún ẹnì kejì. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò sí ti Sunday. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀, kódà bí òjò bá ń rọ̀. (Mo ti ṣẹ̀ sí èyí lẹ́ẹ̀kan nítorí ọmọ ọwọ́ yẹn, ṣùgbọ́n inú ilé tèmi ni wọ́n sùn.) Kò sí gáàsì, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ohun tó ń tètè gbiná. Iṣẹ́ tó kọ sínú ìwé nìkan ni yóò ṣe níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ibẹ̀ háyà fún ẹlòmíràn. Mo lè wọlé wò ó bí mo bá ti sọ fún un ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n fọwọ́ sí i, ọ̀kan nínú wọn ní láti jẹ́ ẹni tí mo lè rìn lọ sí ilé rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín láti béèrè èyí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní bínú.

Ohun kan tún wà tí èmi fúnra mi kò mọ̀, lọ́yà ló béèrè: "Mà, kí ni C of O yín wí?" Mo ní ó wí pé ilẹ̀ náà jẹ́ tiwa. Ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ 1978, ìjọba ìpínlẹ̀ ló di ilẹ̀ mú, àwa sì ń lò ó fún ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé náà. Tèmi kọ ọ́ kedere pé ibùgbé ni. Ẹni tó bá fẹ́ yí ilé ibùgbé padà sí ibi ìṣòwò ní láti gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìlú. Òfin 1992 lórí ètò ìlú ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn, mo sọ òtítọ́, mo mú pláànù ilé lọ, mo san ohun tí wọ́n ní kí n san, mo gba rìsíìtì. Wọ́n rán mi padà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ mọ bí ọ́fíìsì ṣe ń rí. Mo sì lọ sí ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa, mo ṣàlàyé fún wọn kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bàbá ọlọ́pàá náà ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá ọlọ́pàá tí mo ń wí, ẹni tó ní ọ̀pá lọ́wọ́ ni o, kì í ṣe pólíìsì.

Ẹ jẹ́ ká ka owó, mo mọ̀ pé òun lẹ ń dúró dè. Mo ná ₦640,000 lórí ilé náà ní 2024: páànù tó ń jò, fèrèsé méjì, wáyà iná tuntun, àti gẹ́ètì kékeré tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé kí oníbàárà má baà máa gba iwájú yàrá mi kọjá. Gẹ́ètì yẹn ló gba owó jù, òun náà ni mi ò kábàámọ̀ rárá. Télọ̀ ń san ₦35,000 báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló fi kún un nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò. Yàrá kejì wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìṣirò owó, ₦45,000, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò jẹ iná, kò sì pariwo. ₦80,000 lóṣù. Mo ń fi ₦20,000 pamọ́ nínú rẹ̀ fún àtúnṣe, mi ò kì í fọwọ́ kàn án. Ó ku ₦60,000. Oṣù kọkànlá ni mo tó rí owó tí mo ná padà. Ẹni tó bá rò pé oṣù kìíní ni èrè máa bẹ̀rẹ̀, kó tún rò ó.

Owó-orí ńkọ́? Owó ilé wà lára ohun tí ìjọba ń gba owó-orí lé. Nínú òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 January 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó-orí rárá, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì ń gbà lórí èyí tó bá tẹ̀lé e. Tèmi jẹ́ ₦960,000 lọ́dún. Ẹ yọ ₦800,000, ó ku ₦160,000, owó-orí rẹ̀ kò ju ₦24,000 lọ, kí a tó yọ owó àtúnṣe. Kì í ṣe owó tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ sá fún ìjọba ní ọjọ́ ogbó.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo béèrè tiyín lọ́wọ́ ọmọ mi nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó ka ìwé yìí. Ètò Rent a Room tó jẹ́ kí onílé gba £7,500 lọ́dún láìsan owó-orí, ẹni tó wá gbé inú ilé yín ló wà fún, kò bo ẹni tó háyà ibẹ̀ ṣe ọ́fíìsì. Èyí tó kàn yín ni £1,000 ọdọọdún orí ilé tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Ilé igi tí wọ́n gbà yín láyè láti kọ́ láìgbàṣẹ nítorí pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó lò ó, ẹ má rò pé àṣẹ yẹn bo àlejò tó ń sanwó. Ẹ kọ́kọ́ bi kánsù yín. Ẹ bi báńkì tó yá yín lówó ilé pẹ̀lú, àti àwọn onínṣúránsì. Ẹ sì jẹ́ kí lọ́yà kọ àdéhùn, nítorí òfin 1954 kan wà níbẹ̀ tó lè fún ẹni tó háyà ibi iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti má jáde nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé. Ẹ rí i pé wàhálà kan náà ni, ojú ọjọ́ ló yàtọ̀.

N ó sọ èyí tó ń dùn mí, kí ẹ má baà rò pé adùn nìkan ni mo wá tà fún yín. Ẹ̀yìnkùlé mi kì í ṣe tèmi mọ́ láti Monday dé Sátidé. Lábẹ́ igi ọsàn tó wà níbẹ̀ ni ọkọ mi máa ń jókòó ka ìwé ìròyìn ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti máa ń lọ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìró àárọ̀ mi, irun mi lásán. Báyìí mo ní láti múra. Ènìyàn tí mi ò mọ̀ máa ń kí mi láti ẹ̀gbẹ́: "Mà, ṣé télọ̀ wà?" Ọmọ mi ọkùnrin kò fọwọ́ sí i títí dòní, ó ní mo sọ ilé bàbá òun di ọjà. Mo ní kó máa bọ̀ wá gbé inú rẹ̀ nígbà náà. Kò dáhùn. Ẹni tí kò bá lè fara da irú èyí, kí ó má ṣe é, kì í ṣe dandan.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, mo máa ń gbọ́ ohùn ènìyàn. Ní oṣù kẹta tó kọjá, òòyì kọ́ mi ní ilé ìdáná, mo ṣubú. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ló gbọ́ ìró ìkòkò, òun ló sáré wọlé. Ká ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn ṣì wà ní títì ni, bóyá ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn ni wọn ì bá tó wá mi. Oògùn mi náà, odindi ni mo ń lò.

Mo mú ẹ̀dà àdéhùn náà wá, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé orúkọ. Ẹni tó bá fẹ́, kí ó lọ ṣe fọ́tòkópì rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì gbé e lọ bá lọ́yà tirẹ̀ kí ó tó lò ó, nítorí ìpínlẹ̀ kò dọ́gba. Ẹ dá ojúlówó rẹ̀ padà o, mo mọ̀ yín.